Odò-Kì-í-Gbẹ àti Ìlà Kan Nínú Ìwé Ìmọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá rí ẹni tó ń wá orúkọ ara rẹ̀ kiri kó tó fọ ẹnu láàárọ̀, ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹ jókòó, ìran ń bọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ omi tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Odò-Kì-í-Gbẹ. Òun ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ o, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé aráàlú ló fún un. Aráàlú ní orúkọ tiwọn tí wọ́n fún un, ṣùgbọ́n ọmọdé lè ka ìwé yìí.

Akọ̀wé rẹ̀, obìnrin kan tó ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́nu iṣẹ́ náà, ló máa ń kọ́kọ́ dé. Á nu tábìlì, á tan kọ̀ǹpútà, á wá orúkọ ọ̀gá lórí ayélujára sílẹ̀ dè é. Bí ọ̀gá bá wọlé, gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ á dìde fùú. Igbákejì rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ìtẹríba ti mọ́ ọrùn rẹ̀ lára, á gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, á ṣí ẹ̀rọ omi tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, omi á dà yàà, á sì wí pé, "Odò kì í gbẹ." Ọ̀gá á fọ ọwọ́, á ní, "Kò sì ní gbẹ." Ìgbà náà ni iṣẹ́ ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kí n kúkú sọ òótọ́, ìgbà náà ló parí.

Ìwé kan wà lórí ayélujára tí wọ́n ń pè ní Ìwé Ìmọ̀ Àjọkọ. Kò ní ọ̀gá, kò sì ní ọ́fíìsì. Ẹni tó bá mọ nǹkan ló ń kọ ọ́ síbẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jù ú lọ á tún un ṣe, kò sì sẹ́ni tó ń gba kọ́bọ̀. Òfin wọn ò pọ̀: má yin ara rẹ, má ba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́, ohun tí o bá sì kọ, mú ẹ̀rí rẹ̀ wá. Igbákejì ti fi ojú ìwé kan níbẹ̀ ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ìbí fún ọ̀gá. Ìpínrọ̀ mọ́kànlélógún ló kọ. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n bí Odò-Kì-í-Gbẹ, kànga mẹ́ta ló kún fúnra wọn. Àwọn tó ń tọ́jú ìwé náà rọra ń gé e lọ́jọ́ kan sí èkejì, títí ó fi ku ìlà mẹ́rin. Ọ̀gá ò bínú. Ó ní èèyàn ńlá kì í ní ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìlà karùn-ún yọjú. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: "Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún tó kọjá, ìlú wà láìsí omi ẹ̀rọ fún ọjọ́ mọ́kànlá." Wọ́n fi orúkọ ìwé ìròyìn kan tì í nídìí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Ọ̀gá ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wo ẹ̀rọ omi tó wà ní kọ̀rọ̀. "Ọjọ́ mọ́kànlá, ní ìlú wo?"

"Ìlú mìíràn ni wọ́n ní lọ́kàn, Odò," ni Igbákejì wí.

"Ojú ìwé mi ni wọ́n kọ ọ́ sí!"

Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló kù kí ìgbìmọ̀ ìjọba jókòó láti yan Alága gbogbo omi ẹkùn náà, Odò-Kì-í-Gbẹ sì ti rán aṣọ tó máa wọ̀ jókòó sórí àga ọ̀hún. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ìgbìmọ̀ ń ka Ìwé Ìmọ̀ Àjọkọ kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni.

Ló bá ní kí Akọ̀wé jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. "Kọ ọ́ pé: omi ò dáwọ́ dúró rí, kò sì ní dáwọ́ dúró láé, lábẹ́ àkóso akọni, olóye, aláìlẹ́gbẹ́, ẹni tí àwọn odò ńláńlá ń kọ́ ìṣàn lọ́dọ̀ rẹ̀."

"Àwọn odò ń kọ́ ìṣàn, sà?"

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó kọ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ọ̀gá ti pòórá, ọjọ́ mọ́kànlá ti padà sáyè rẹ̀. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Tíṣà Àná ló ṣe é, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ ṣeun fún akitiyan yín. Ọ̀rọ̀ ìyìn ni èyí, kò sì lẹ́rìí. Mo ti dá a padà sí bó ṣe wà." Ọ̀gá ní kí Akọ̀wé pa ìlà náà rẹ́. Ẹlòmíràn tó ń jẹ́ Abẹ́rẹ́ dá a padà láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ó tún ní kó pa á rẹ́. Wọ́n tún dá a padà, wọ́n sì kìlọ̀ fún wọn pé ẹni tó bá ń ba ojú ìwé jẹ́ báyìí, wọ́n máa gba kálàmù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ni Tíṣà Àná?" ni ọ̀gá béèrè. "Ìpele wo ló wà lẹ́nu iṣẹ́?"

Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Igbákejì ní, "Odò, orúkọ ẹ̀ náà ti sọ ọ́. Èèyàn àná ni. Ẹ̀yin lẹ ni òní." Ọ̀rọ̀ yìí tu ọ̀gá lára fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kọ ìwé ìpè. Ẹ̀dà mẹ́ta, nọ́ńbà fáìlì, òǹtẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí Tíṣà Àná fara hàn ní ọ́fíìsì òun ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ pẹ̀lú àwòrán pélébé méjì, kó wá sọ ìdí tí wọn ò fi ní bá a wí. Akọ̀wé lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé ìjíròrò, ibi tí àwọn tó ń kọ ìwé náà ti máa ń yanjú aáwọ̀. Èsì dé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ni Tíṣà Àná kọ. "Olùkọ́ ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, orúnkún ò jẹ́ kí n lè gun àtẹ̀gùn yín. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ níbí, níwájú gbogbo èèyàn. Ìwé ìròyìn sọ pé ọjọ́ mọ́kànlá. Bí ẹ bá ní ẹ̀rí mìíràn, a ó kà á."

Abẹ́rẹ́ fi tirẹ̀ kún un pé, "Télọ̀ ni mí. Mò ń rán kọ́là lọ́wọ́, àmọ́ mò ń wò yín o."

Ọ̀gá dìde, ó tún jókòó. Télọ̀! Ó yíjú sí Akọ̀wé. "Ìwọ lọwọ́ ẹ wà lórí nǹkan yìí. Bí ìlà yẹn bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ bá jókòó, ibùdó omi wa tó wà lórí òkè ni wàá ti máa tẹ ìwé. Lọ tẹ lẹ́tà ẹ sílẹ̀ báyìí, máà tíì kọ déètì sí i."

Akọ̀wé lọ tẹ lẹ́tà tí wọ́n máa fi lé òun fúnra rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ibùdó orí òkè jìn tó ìrìn ọjọ́ kan àti ààbọ̀. Ìyá rẹ̀ ò ríran mọ́, òun nìkan ni ọmọ wọn tó ṣẹ́ kù láyé, òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń fi oúnjẹ sí wọn lọ́wọ́ láàárọ̀ kó tó jáde. Kò sí ilé fún arúgbó ní ibùdó orí òkè, kò sì sẹ́ni tó lè fi wọ́n sí lọ́dọ̀. Nígbà tó délé, ó sọ fún wọn.

"Ṣé irọ́ ni wọ́n kọ mọ́ ọ̀gá yín ni?" ni ìyá béèrè.

"Rárá, Ìyá mi. Ẹ ò rántí ìgbà tí mò ń fi ife kan ṣoṣo wẹ̀ yín?"

"Mo rántí. O ní ìyókù wà nínú garawa, mo sì mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú garawa." Wọ́n na ọwọ́ wá ọwọ́ rẹ̀. "Nígbà tí kì í ti í ṣe irọ́, kí lo fẹ́ fi pa á rẹ́?"

Akọ̀wé fi aṣọ bò wọ́n. Ẹ̀rù ń bà á, kò sì sùn dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì, Igbákejì mú ìmọ̀ràn wá. Kí gbogbo òṣìṣẹ́ lọ jẹ́rìí lórí ojú ewé ìjíròrò. Àwọn mẹ́tàlélógójì ló tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan sídìí kọ̀ǹpútà kan náà, wọ́n ń kọ ohun kan náà: "Mo jẹ́rìí pé omi ò lọ rí." Dírẹ́bà nìkan ló fi tirẹ̀ kún un pé ọ̀gá wa sì lẹ́wà. Ẹ̀yin tó ń kàwé, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé nínú àwọn mẹ́tàlélógójì yìí, kò sí ẹnì kan tí omi yọ nílé rẹ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ru garawa wá sí ọ́fíìsì.

Abẹ́rẹ́ ló dá wọn lóhùn. "Ẹ̀yin mẹ́tàlélógójì, ẹ kú ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́. Orí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni gbogbo yín ti kọ̀wé láàárín wákàtí méjì. Ibí kì í ṣe ibi ìdìbò. Ẹ̀rí là ń kà, a kì í ka orí." Wọ́n ti ojú ìwé náà pa mọ́ gbogbo wọn, ó ku Akọ̀wé tí kò bá wọn tò.

Tíṣà Àná, tí sùúrù rẹ̀ pọ̀ ju ti òkúta lọ, tún kọ̀wé. Ó ní ilé-iṣẹ́ omi gbogbo ló ní ìwé tí ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ máa ń kọ iṣẹ́ ojúmọ́ sí. Bí ọ̀gá bá lè fi ti ọdún tó kọjá hàn, ọ̀rọ̀ á tán.

Inú ọ̀gá dùn débi pé ó fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Wọ́n ti kó sí mi lọ́wọ́. Ẹ lọ gbé ìwé ẹ̀rọ wá. Gbogbo rẹ̀ pátá ni ká fi hàn wọ́n."

Akọ̀wé ló lọ gbé ìwé náà wá, gíríìsì ti jẹ ẹ́ létí, ó ń rùn bí inú ẹ̀rọ. Bàbá Ẹ̀rọ ló kọ ọ́, arúgbó tó ti ń ṣọ́ ẹ̀rọ ńlá etí odò láti ọgbọ̀n ọdún. Akọ̀wé jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kà á, ara rẹ̀ sì tutù. Ó wọlé tọ ọ̀gá lọ.

"Sà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ kà á."

"Kí ni mo fẹ́ kà níbẹ̀? Ṣé ìwé mi kọ́ ni?"

"Ìwé yín ni, sà. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni kò dáa fún yín."

"Akọ̀wé, àwọn kékeré ló ń kàwé. Ọ̀gá ń fọwọ́ sí i ni." Ó fa kálàmù yọ. Ojú ewé méjìdínlógójì ló fọwọ́ sí, ó ń kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan pé òtítọ́ pọ́ńbélé ni.

Igbákejì tó di páàdì òǹtẹ̀ mú ti ń làágùn. Ó mọ nǹkan kan nípa ìwé náà tí ọ̀gá ò mọ̀. "Odò," ló wí, "bóyá..."

"Bóyá kí ni?"

"Bóyá kí ẹ fi òǹtẹ̀ pupa lù ú."

Wọ́n fi òǹtẹ̀ pupa lù ú. Akọ̀wé tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì pé kí ọ̀gá kà á, ọ̀gá sì ní kó jáde. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìwé. Kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ó lè yọ àwọn ojú ewé ọ̀gbẹlẹ̀ kúrò níbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lẹ́tà rẹ̀ parí. Ó ronú kan ìyá rẹ̀, ó ronú kan garawa òfìfo, ó wá ya ojú ewé méjìdínlógójì bó ṣe wà, ó fi wọ́n ránṣẹ́.

Ojú ewé ìjíròrò dákẹ́ fún ọ̀sán gbáko. Wọ́n ń kàwé ni. Lẹ́yìn náà ni Tíṣà Àná kọ̀wé pé, "A dúpẹ́ gan-an lọ́wọ́ Ọ̀gá Àgbà. Ẹ̀rí tí wọ́n mú wá lágbára ju ti ìwé ìròyìn lọ. Àṣìṣe ni ọjọ́ mọ́kànlá tí a kọ. A ti tún un ṣe." Wọ́n sì tún un ṣe lóòótọ́. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Odò-Kì-í-Gbẹ gbọ́ ibi tí wọ́n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbọ́ ìyókù. Ó ti lọ wọ aṣọ tuntun wò.

Ọjọ́ ìgbìmọ̀ pé. Èèyàn mẹ́ta ló jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn, àgbà obìnrin kan tó ní gíláàsì ìkàwé ni olórí wọn. Igbákejì dúró sẹ́yìn ọ̀gá, Akọ̀wé wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀. Ọ̀gá dìde sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tí òun dé orí oyè, ilẹ̀ gbẹ. Òun wò ó lójú, ó sì rin. Ó ní bí òùngbẹ bá gbọ́ orúkọ òun, ṣe ló ń sá. Ó fi ogún ìṣẹ́jú sọ ọ́, ó mu omi lẹ́ẹ̀mẹta láàárín rẹ̀.

Màmá onígíláàsì dúró títí ó fi parí. "Ẹ kú ọ̀rọ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n gbé ìwé kan sókè. "Ìfọwọ́sí yín nìyí?"

"Tèmi ni, mà. Gbogbo ojú ewé méjìdínlógójì."

"Òǹtẹ̀ yín ńkọ́?"

"Pupa ni. Mo fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́."

"Ẹ dákun, ẹ bá wa kà á sókè."

Ọ̀gá gbà á, ó tún ọrùn aṣọ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà pẹ̀lú ohùn ńlá. "Ọjọ́ kìíní. Bẹ́líìtì já. Ẹ̀rọ dúró. Mo kọ̀wé béèrè tuntun." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀. "Ọjọ́ kẹta. Wọn ò dáhùn. Mo tún kọ̀wé. Ọjọ́ kẹfà. Ẹnì kan wá láti ọ́fíìsì. Kò mú bẹ́líìtì wá. Ó ní kí n máa pọn omi odò sínú táǹkì kékeré tó lọ sí yàrá Ọ̀gá, kí ọkàn Ọ̀gá má bàa dàrú. Garawa mẹ́rìnlélógún."

Ó dúró níbẹ̀. Ó wo Igbákejì. Igbákejì ń wo òrùlé.

"Ẹ máa kà á lọ," ni màmá wí.

"Ọjọ́ keje. Garawa mẹ́rìnlélógún. Ọjọ́ kẹjọ. Garawa mẹ́rìnlélógún, ẹ̀yìn ń dùn mí." Bẹ́ẹ̀ ló ń kà á títí dé ìsàlẹ̀. "Ọjọ́ kọkàndínlógún. Bẹ́líìtì ò dé. Mo fi awọ bàtà mi rán ti àtijọ́. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́."

Ọ̀gá sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́, "Omi ò kúkú lọ ní yàrá mi."

Akọ̀wé gbé kálàmù dúró. Láti ọdún mẹ́jọ tó ti ń bá a ṣiṣẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àánú ọkùnrin náà ṣe é. Kò parọ́ látòkèdélẹ̀. Ó gbà lóòótọ́ pé bí omi bá wà ní yàrá òun, ó wà ní gbogbo ayé. Bí a bá rò ó dáadáa, ìyẹn burú ju irọ́ lọ.

Ìgbìmọ̀ ò jókòó pẹ́. Wọ́n fún ẹlòmíràn ní àga Alága, wọ́n sì ní kí Odò-Kì-í-Gbẹ fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Bẹ́líìtì tuntun dé láàárín ọjọ́ méjì. Igbákejì, tí orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé ẹ̀rọ, ni wọ́n ní kó máa mójú tó ilé-iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, nítorí irú wọn kì í tán nílẹ̀. Ọjọ́ tó jókòó sórí àga náà, ó pe Akọ̀wé, lẹ́tà tí kò ní déètì sì wà níwájú rẹ̀.

"Akọ̀wé, ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ojú ìwé tuntun nínú Ìwé Ìmọ̀ yẹn?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ̀rí ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè."

Igbákejì ronú títí. Ó ní kò sí wàhálà, kí ó kó àwọn ìwé orí tábìlì náà dànù. Akọ̀wé fa lẹ́tà rẹ̀ ya sí mẹ́rin, ó sì tètè lọ sílé.

Ó tó oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Odò-Kì-í-Gbẹ ni. Ìyá rẹ̀ ń jẹun lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó dìde fún un. Ó jókòó sórí àpótí, ó na fóònù rẹ̀ sí Akọ̀wé.

"Wọ́n ti yọ ojú ìwé mi," ló wí.

Akọ̀wé wò ó. Lóòótọ́ ni. Wọ́n ti jíròrò lórí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n sì fẹnu kò pé kò sí ohun tí ọkùnrin náà ṣe tó tó kọ sí ojú ìwé tirẹ̀. Wọ́n gbé ìlà kan ṣoṣo tó lẹ́rìí lọ sí ojú ìwé ilé-iṣẹ́ omi. Ìlà náà sọ pé omi dá fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún, pé Bàbá Ẹ̀rọ ló fi awọ bàtà rẹ̀ tún ẹ̀rọ ṣe. Wọn ò dárúkọ ọ̀gá kankan.

"Bá mi bẹ̀ wọ́n," ni ọkùnrin náà wí. "Kí wọ́n fi orúkọ mi síbẹ̀. Kí wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ pé èmi ni mo jẹ́ kí omi lọ. Mo gbà. Kí wọ́n ṣáà kọ ọ́."

Akọ̀wé ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó tì í, ó sì kọ ọ́ bó ṣe wí, láì fi ìyìn kan kún un. Ìyá rẹ̀ ti jẹun tán, wọ́n ń ṣan ọwọ́, nígbà tí èsì Tíṣà Àná dé.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Nítorí yín, èmi àti Abẹ́rẹ́ tún ka ìwé ẹ̀rọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àyè kan wà lápá ọ̀tún ojú ewé kọ̀ọ̀kan tí ọ̀gá tó bá wá wo ẹ̀rọ máa ń fọwọ́ sí. Òfìfo ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A ò rí ẹ̀rí pé ẹ ṣe ohunkóhun níbẹ̀, ì báà ṣe rere, ì báà ṣe búburú. Bí ẹ bá ní ẹni tó lè jẹ́rìí yín, a ó gbọ́."

Ọkùnrin náà kà á fúnra rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gbé orí sókè. "Bàbá Ẹ̀rọ," ló wí. "Bàbá Ẹ̀rọ á jẹ́rìí mi. Èmi ni ọ̀gá wọn fún ọdún mẹ́jọ."

Akọ̀wé gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gbé e sílẹ̀.

"Sà, ọjọ́ tí mo lọ gbé ìwé ẹ̀rọ lọ́dọ̀ wọn, Bàbá ní kí n bá àwọn kí ọ̀gá," ló wí. "Wọ́n wá bi mí bóyá ọkùnrin ni yín tàbí obìnrin."